Ọwọ́ Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ọmọ ọmọ mi obìnrin wá kí mi nílé mi ní Àìlégún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ilé kíkọ́ ní yunifásítì, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà dáa. Mo ní ó dáa. Ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé kò sú yín rárá?" Mo ní kò sú mi. Ló bá bi mí pé nínú gbogbo ilé tí mo kọ́, èwo ni mo rántí jù. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ilé. Ọwọ́ ni. Ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin kan, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nínú bárékè. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí, fún un àti fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì kí ẹ tó mú iṣẹ́ kan.

Kíkọ́ ilé àwọn ṣọ́jà àti títún un ṣe ni mo fi gbogbo agbára mi ṣe. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò lọ́rọ̀ nínú: agbaṣẹ́ṣe kan nílò ẹni tó mọ ìwé tó sì mọ tírówẹ̀ ìrẹ́lé í lò, èmi sì mọ méjèèjì. Owó rẹ̀ tó jẹun. Ó parí.

Kí n tó lọ sí yunifásítì ni mo ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà lọ́dọ̀ Bàbá Ìkirè. Ìkirè, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni wọ́n ti wá, yàrá kan ni wọ́n háyà ní Ìsọlọ̀. Ara wọn dúdú bíi dòdò ìlú wọn, àwa ọmọ iṣẹ́ sì máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá ti kọ ẹ̀yìn sí wa. Níwájú wọn, ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan tírówẹ̀. Wọ́n á ní kí n dijú, kí n fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri láti igun kan dé èkejì, kí n sọ ibi tí omi wà, ibi tó ti gbẹ, ibi tí inú rẹ̀ ti ṣófo. Bí mo bá ṣì í, wọ́n á fi igi tírówẹ̀ gbá mi ní ìka.

"Ojú máa ń purọ́ fún bíríkìlà," ni wọ́n máa ń wí. "Ọwọ́ kì í purọ́."

Wọ́n tún kọ́ mi láti máa fi ìdí tírówẹ̀ kan ògiri, kí n máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ògiri tó le a máa dún kì. Èyí tó ti jẹ nínú a máa dún bí igbá òfìfo. Ìyẹn kò ṣòro. Ohun tó rú mi lójú ni pé bí mo bá ti kàn án, wọ́n á ní kí n dúró díẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀.

"Kí la ń dúró dè, Bàbá?"

"Bóyá ó ní ọ̀rọ̀."

Wọn kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la gbọ́ pé ògiri létí. Àwọn nìkan ni mo mọ̀ tó ń ṣe bí ẹni pé ó lẹ́nu pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí bárékè ṣe rí fún ẹni tí kò wọ ibẹ̀ rí. Ilé ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Àṣẹ lè dé lọ́sàn-án pé kí Kòpúrà kan kó lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, yàrá rẹ̀ ti ṣófo. Àwa la máa ń wọlé tẹ̀lé wọn. Mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn, òórùn ọbẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kí mi. Lára ògiri, n óò rí àpá òróró orí ọkùnrin kan, yípo bí òṣùpá, ní ibi tó ti máa ń fara tì bó bá jókòó. N óò rí àwọn ìlà tí ìyá kan fi èédú fà láti máa wo bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń ga sí i. Ìlà kan á wà lókè gbogbo wọn, kò sì ní sí òmíràn lórí rẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni pé ká fọ gbogbo rẹ̀ dànù, ká rẹ́ ògiri, ká kùn ún lọ́dà funfun, kí ẹlòmíràn lè wọlé bíi pé ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́" kí n tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, láìmọ ẹni tí mò ń bẹ̀.

Ní bárékè tí mò ń sọ yìí, tí kò jìnnà sí ojú irin Òṣòdì, àṣà kan wà láàárín àwọn ìyàwó ṣọ́jà. Bí wọ́n bá fẹ́ rán ọkọ lọ sójú ogun, ìyàwó á wá bá àwa bíríkìlà, á ní ká bu síméǹtì pípò díẹ̀ fún òun. Á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọkọ á tẹ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ inú rẹ̀ kó tó gbẹ, á sì lọ. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá fi ọwọ́ sílẹ̀ nílé, ilé á máa fà á. Bó bá padà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi síméǹtì dí ojú ọwọ́ náà. Bí ìròyìn ikú bá dé, ìyàwó ni yóò dí i. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bàbá Ìkirè sọ èyí di òfin fún wa. Kí a tó rẹ́ yàrá kankan, a ní láti wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ọwọ́ kì í ṣe ihò," wọ́n á ní. "Ẹ bèèrè ọlọ́wọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ."

Nígbà tí mo jáde yunifásítì tí mo di ẹnjiníà ojú iṣẹ́, Bàbá Ìkirè ló ṣì ń darí àwọn bíríkìlà. Wọ́n sọ mí lórúkọ lójú gbogbo lébírà.

"Yunifásítì! Ṣé wọ́n kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fọ tírówẹ̀ níbẹ̀?"

"Rárá o, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń rán ẹlòmíràn kó lọ fọ̀ ọ́ ni wọ́n kọ́ wa."

"Ìwé yẹn mà ti gbé ẹ débi tó dáa o. Wá fọ tèmi."

Mo sì fọ̀ ọ́.

Ọdún kan wá, wọ́n ní ọ̀gá ológun ńlá kan ń bọ̀ wá wo bárékè náà, kí a tún gbogbo ilé àwọn sájẹ́ǹtì ṣe. Nínú ọ̀kan nínú wọn ni Ìyá Folúkẹ́ ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀. Wọ́n ti rán ọkọ rẹ̀, Sájẹ́ǹtì, lọ sí ilẹ̀ òkèèrè kan tí ogun wà. Èmi fúnra mi ni mo bu síméǹtì fún un lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ tẹ ògiri. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé, lẹ́tà dé, lẹ́tà dẹ́kun. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ti ń padà, kò sí òun láàárín wọn. Àwọn obìnrin tó ń tajà ní Máàmì Mákẹ́ẹ̀tì, ọjà inú bárékè, ti ń sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n pé bí ọkùnrin náà bá ti kú, wọn óò gba yàrá náà. Nítorí náà, ohun méjì ni Ìyá Folúkẹ́ fi ọwọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà dì mú: ọkọ rẹ̀ àti òrùlé orí rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kó tó lọ sí ọjà Aswani níbi tó ti ń ta aṣọ òkìrìkà, ó dúró lọ́dọ̀ Bàbá Ìkirè pẹ̀lú ẹrù lórí.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi bojú tó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi."

"Ìyá Folúkẹ́, máa lọ sọ́jà rẹ. Ọwọ́ mọ ọwọ́."

"Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín náà, ẹ jọ̀ọ́."

"Wọ́n ti gbọ́. Sùbérù! Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá!"

Sùbérù, ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà wa, kò gbọ́ nǹkan kan. Orí àkàbà ló wà, tó ń kọrin. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó lè rẹ́ ògiri kó dán bíi tirẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni òjò àkọ́rọ̀ ṣú, tó sì bẹ̀rẹ̀ lójijì. Sùbérù sá wọ yàrá Ìyá Folúkẹ́ pẹ̀lú síméǹtì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn nítorí ìjì, inú yàrá sì ṣókùnkùn. Bí ilẹ̀kùn ṣe padé ni ẹ̀yìn rẹ̀ hàn síta. Ó rí ibi tó jin nínú ògiri. Bí bíríkìlà bá ti rí ibi tó jin, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró gbàṣẹ.

Nígbà tí òjò dá, Bàbá Ìkirè wọlé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fọwọ́ ra ògiri, wọ́n sì dúró.

"Ta ló rẹ́ ibí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ wò ó bó ṣe dán bíi dígí."

Bàbá Ìkirè ṣí fìlà wọn. N kò rí wọn láìdé fìlà lójú iṣẹ́ rí. Síméǹtì náà ti mú. Bí a bá ní ká há a kúrò, àpá ọwọ́ yóò bá a wó lulẹ̀.

Ìyá Folúkẹ́ dé nírọ̀lẹ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tó dán náà fún ìgbà pípẹ́. Sùbérù ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ ṣàánú mi, Ìyá Folúkẹ́. N kò mọ̀ pé ọwọ́ ni."

"Ìka márùn-ún lo rí," obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ lọlẹ̀, "kí lo wá rò pé ó jẹ́?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ògiri ti ń funfun bó ti ń gbẹ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nìkan ni omi ṣì wà, omi náà sì ní àpẹẹrẹ ọwọ́. Ìka márùn-ún, ó hàn kedere, ó dúdú lórí síméǹtì tuntun. Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe kọ́ mi: síméǹtì àtijọ́ àti tuntun kì í fa omi bákan náà, ibi tó bá nípọn jù ló máa ń pẹ́ gbẹ. Bàbá Ìkirè gbọ́ mi tán.

"Ọ̀rọ̀ rẹ dára, Yunifásítì. Ó yá, gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ lé e."

Mo gbé e lé e. Kò bá a mu. Lọ́jọ́ tí Sájẹ́ǹtì tẹ ọwọ́ rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ kọjú sí fèrèsé. Mo wà níbẹ̀, mo rí i. Èyí tó wà níwájú mi, àtàǹpàkò rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀kùn. Bí ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó wà nínú yàrá kejì, tó fara ti ògiri láti ọ̀hún, ló ṣe rí.

Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá kejì náà, tó ti ṣófo, wà. Mo lọ ṣí i. Eruku tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kò sí ojú ẹsẹ̀ kan lórí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ṣàlàyé ọwọ́ náà fún mi. Kò ṣàlàyé àtàǹpàkò.

Nígbà tí mo padà, Bàbá Ìkirè fi ìdí tírówẹ̀ kan ògiri náà, wọ́n sì dúró. Gbogbo wa dúró. N kò ní purọ́ pé mo gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n dúró pẹ́ ju bí wọ́n ṣe máa ń dúró lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ó dáa," bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ sí.

"Ó ti kọjá sí òdìkejì," Sùbérù sọ ọ́ sí mi létí. Ohun tó ń sọ yé mi: ọkùnrin náà ti kú.

Ìyá Folúkẹ́ gbọ́ ọ. "Kò kọjá síbì kankan. Ṣé ẹ ò rí i ni? Ó ti yí padà. Ó ti kọjú sílé."

Bàbá Ìkirè kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

A kùn ún lọ́dà. Ọwọ́ náà là á kọjá. A tún un kùn, ó tún yọ. Ọ̀gá ológun tó ń bójú tó àwọn ilé dé, ó dúró níwájú rẹ̀.

"Ẹnjiníà, kí lèyí?"

"Omi ni, sà."

"Omi wo ló ní èékánná? Ẹ wó ògiri yẹn kí ẹ mọ òmíràn."

Ìyá Folúkẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́. Ojú mi ló ń wò. Mo sọ fún ọ̀gá náà pé ilé á mì bí a bá wó o, iṣẹ́ náà kò sì ní parí kí àlejò tó dé. Mo ní kí kàfíńtà tún ilẹ̀kùn náà kọ́, kí ó lè ṣí títí tí yóò fi lẹ̀ mọ́ ògiri, kí a sì fi ìkọ́ mú un síbẹ̀. Ilẹ̀kùn tó bá ṣí sílẹ̀ gbayawu ni yóò bo ọwọ́ náà. Àlejò ńlá wá, ó wo gbogbo rẹ̀, ó yìn wá, ó lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn Ìyá Folúkẹ́ ti wà ní ṣíṣí láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn. Òjò rọ̀, òjò dá, gbogbo ògiri gbẹ, ọwọ́ náà kò gbẹ.

Ọyẹ́ dé. A ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì bárékè, a ń rẹ́ ògiri, a sì ń kan páànù, nígbà tí mo rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láàárín àwọn ilé. Ìrìn ṣọ́jà ló ń rìn, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ló ń jù. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ dáwọ́ dúró. Gbogbo ilé ni a ti kùn ní ọ̀dà kan náà, kò sì sí èyí tó yàtọ̀ nínú wọn. Mo rí i tó dúró, tó ń wò yíká bí àlejò. Nítorí eruku ọyẹ́, gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní títì àyàfi ẹyọ kan. Ó yà síbẹ̀.

A gbọ́ igbe Ìyá Folúkẹ́ lórí òrùlé níbi tí a wà.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ wọn, Sájẹ́ǹtì na ọwọ́ òsì sí mi. Apá ọ̀tún ẹ̀wù rẹ̀ ni wọ́n ká, tí wọ́n fi pínnì mú.

"Ẹ má bínú, Ẹnjiníà. Òsì ni mo ní."

Ìyàwó rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn, ó ti fi ògiri hàn án. Ọkùnrin náà wò ó títí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ó wí. "Òsì ni mo fi júwe rẹ̀ títí mo fi dé. Ọ̀tún ti ṣáájú mi wálé."

Bàbá Ìkirè rọra bi í pé ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀.

"Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, Bàbá, níbẹ̀rẹ̀ òjò. Mo rántí nítorí mò ń rò ó lọ́kàn pé Ìyá Folúkẹ́ á ti wà ní Aswani. Ó kọ́kọ́ tutù, bí ìgbà tí ẹnìkan bu síméǹtì lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó gbọ́ ariwo."

Tírówẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ Sùbérù. Kò tún mú un mọ́ láéláé. Bàtà ló ń tà l'Óṣòdì títí tó fi dàgbà, bí mo bá sì yà kí i, kì í jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ilé.

Gẹ́gẹ́ bí àṣà, Bàbá Ìkirè po síméǹtì, wọ́n gbé e fún Sájẹ́ǹtì kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ojú ibẹ̀. Ọkùnrin náà mi orí.

"Bàbá, bí mo bá dí i, kí ló kù fún mi?"

A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, omi gbẹ níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló kù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá Sájẹ́ǹtì sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìsọlọ̀. Ẹlòmíràn wọ yàrá náà, àti ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ayé ń yí. Ẹ̀rọ dé tó ń po síméǹtì, ṣọ́bìrì sinmi. Iná pupa tín-ín-rín kan dé tó ń fi hàn bóyá ògiri dúró ṣánṣán, a kó okùn olójé tì. Ẹ̀rọ kékeré kan tilẹ̀ wà báyìí tí wọ́n ń gbé lé ògiri, tí yóò sì sọ iye omi tó wà nínú rẹ̀. Mo lò ó, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń dúró lẹ́yìn tó bá ti kan ògiri. Bàbá Ìkirè ti sùn. Tírówẹ̀ wọn wà ní pálọ̀ mi, mo sì máa ń fọ̀ ọ́.

Ní ọyẹ́ tó kọjá ni ẹnìkan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí sọ fún mi lórí fóònù pé wọ́n fẹ́ wó àwọn ilé sájẹ́ǹtì, kí wọ́n kọ́ èyí tó ga síbẹ̀. Mo pe Sájẹ́ǹtì. Òun náà ti darúgbó. Ìyá Folúkẹ́ ní òun kò ní bá wa lọ, òun ti dúró tó nínú yàrá yẹn. Àwa méjèèjì la lọ láàárọ̀. Wọ́n ti ṣí páànù, katapílà ti ń kùn níta. Yàrá náà kéré ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ.

Sájẹ́ǹtì ti ilẹ̀kùn. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ ju ọ̀dà lórí ọ̀dà. Ó yọ pínnì, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó gbé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti gé lé ògiri náà, ó sì dijú.

"Ẹnjiníà," ó wí, "ẹ fọwọ́ kàn án."

Mo dijú bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti igun, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri bọ̀. Ó tutù, ó gbẹ. Ó tutù títí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí àga tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde!" ọmọkùnrin tó ń wa katapílà ké. "A fẹ́ bẹ̀rẹ̀!"

Sájẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ jáde. Mo fi ìka kan ògiri, mo sì dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, mo fi ìkọ́ àtijọ́ yẹn mú un, mo bá a lọ.

A kò wẹ̀yìn. A gbọ́ ìgbà tí ó wó. Bí a ṣe ń rìn lọ sí ọ̀nà ojú irin, ọwọ́ òsì Sájẹ́ǹtì wà nínú àpò rẹ̀, ó ti gbàgbé pínnì, apá ọ̀tún ẹ̀wù rẹ̀ sì wà ní títú sílẹ̀. Ó ń jù síwájú, ó ń jù sẹ́yìn, ó ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu bíi ti ṣọ́jà. Mo sọ fún ara mi pé atẹ́gùn ọyẹ́ ni. Mo wo àwọn igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ewé kan kò mì.